Ọjọ́ Kẹta Láìsí Sìgá

Pákò kẹta ni Ṣínà ń rún lẹ́nu yìí, agogo mẹ́wàá àárọ̀ ò sì tíì lù. Ó ti fi eyín fọ́ méjì àkọ́kọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹni tó ń jẹ ìrèké. Níwájú rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń tẹ orúkọ sára ọ̀rá omi ń yí, ọ̀rá funfun ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìdúró, íǹkì búlúù sì ń lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ojú rẹ̀ wà lára ọ̀rá náà, ọkàn rẹ̀ ni kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí Emmanuel tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ na ọwọ́ kọjá èjìká rẹ̀, tó pa ẹ̀rọ, ló tó mọ̀ pé orúkọ omi ti wọ́ kúrò ní àyè rẹ̀ láti bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó," Emmanuel sọ ọ́ jẹ́ẹ́.

Ṣínà wò ó. Ọ̀rá tó bàjẹ́ náà á tó ẹrù ọkùnrin kan. Dípò kó bẹ̀bẹ̀, ńṣe ló jágbe mọ́ Emmanuel, ó ní ta ló rán an pé kó fọwọ́ kan ẹ̀rọ òun. Gbogbo ilé-iṣẹ́ ló gbọ́ ọ. Emmanuel kàn bẹ̀rẹ̀ sí í ká ọ̀rá náà jọ, ojú sì ti Ṣínà débi pé ẹkún fẹ́ gbọ̀n ọ́n. Ohun tó ń bà á lẹ́rù jù nìyẹn láti ọjọ́ mẹ́ta yìí. Orí ń fọ́ ọ, òógùn ń bò ó lábẹ́ fáànù, ìbínú á dé láìkan ilẹ̀kùn, bó bá sì lọ tán, ẹkún á gba ipò rẹ̀.

Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń mu sìgá. Ọjọ́ kẹta rèé tí kò fẹnu kàn án.

Ọdún kọkànlá tí òun àti Jọkẹ́ fẹ́ra ni oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró, ọmọ náà ò sì dúró kí oṣù rẹ̀ pé kó tó jáde. Inú àpótí gíláàsì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí ní ọsibítù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Kóredé ní ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tó di pé àwọn nọ́ọ̀sì ń jẹ́ kí àwọn òbí gbé ọmọ lé àyà, Ṣínà wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó rún mínti mẹ́ta, ó lọ. Nọ́ọ̀sì Catherine dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin náà ò pariwo mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ni kò rí i fín. Ó ní òórùn sìgá ń bẹ lára aṣọ rẹ̀, nínú irun rẹ̀ àti nínú èémí rẹ̀, pé bó tilẹ̀ jẹ́ ìta ló ti mu ún, ó ṣì bá a wọlé. Ó ní àyà ọmọ náà ò tíì gbó. Èéfín, irú èyí tó wù kó jẹ́, lè dá a padà sínú àpótí, ó sì lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn gíláàsì fèrèsé ni Ṣínà ti ń wo ọmọ rẹ̀. Oṣù kan àbọ̀ nìyẹn, kò tíì gbé e rí.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ti jáwọ́. Ẹnu rẹ̀ ò gbà á. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti jẹ́jẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, lórí ìkúnlẹ̀, pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́ rẹ̀ àti ọwọ́ Àlàgbà Daniel lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni kò pé ọ̀sẹ̀ kan. Ní ìgbà kejì, Jọkẹ́ bá ẹyọ sìgá méjì nínú ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀, Ṣínà sì wo ojú ìyàwó rẹ̀ kòrókòró, ó ní òun ò mọ bó ṣe débẹ̀. Jọkẹ́ ò jà. Ó ní, "Tó bá wù yín, ẹ máa mu ún. Ẹ ṣáà má purọ́ fún mi mọ́." Láti ìgbà náà, kò bi í léèrè ọ̀rọ̀ sìgá mọ́, ó ti pé ọdún méjì. Ì bá sàn fún Ṣínà kó máa bú òun.

Òní ni wọ́n ń dá ọmọ sílẹ̀ ní ọsibítù. Jọkẹ́ àti àǹtí rẹ̀ ni yóò gbé e wálé. Ṣínà ti gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, nígbà tó sì di ọ̀sán, ó bẹ Emmanuel pé kó má bínú, ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó jáde.

Lẹ́nu géètì ni Uswat máa ń pàtẹ sí, lábẹ́ agboòrùn kan tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá. Ó ń ta bisikíìtì, ẹ̀pà, mínti àti sìgá. Láítà kan rọ̀ lórí okùn lára òpó agboòrùn náà, kí àwọn oníbàárà má baà fi gbàgbé sí àpò. Ọdún mẹ́sàn-án ni Ṣínà ti ń ra sìgá níbẹ̀, kì í sì í sọ̀rọ̀ kí obìnrin náà tó mú un jáde. Ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́ ló ń gbà kó má baà kọjá lọ́dọ̀ rẹ̀. Lónìí, ìkánjú ò jẹ́ kó rántí.

Uswat ti nawọ́ kó tó dé ibẹ̀. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ pé òní ni ọmọ ń wálé. Ó ní, "Bàbá ìkókó, ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ má sọ̀rọ̀ owó, èyí ni tèmi fún ọmọ."

Ẹyọ sìgá kan ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn látọkàn wá, ohun tó sì mọ̀ pé ọkùnrin yìí fẹ́ràn ló fi yọ̀ fún un. Kí ni èèyàn fẹ́ sọ? Ìka Ṣínà gba sìgá náà kí òun fúnra rẹ̀ tó pinnu. Ó fi kan ètè. Itọ́ yọ sí i lẹ́nu. Ó fa láítà lórí okùn rẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì ti wà lórí irin.

"Ta ló jọ?" Uswat bi í.

"Ta ni?"

"Ọmọ náà. Ṣé ẹ̀yin ló jọ ni, àbí ìyá rẹ̀?"

Ìmọ́lẹ̀ iná tó ń tàn lára gíláàsì ni Ṣínà rántí, aṣọ funfun tí wọ́n fi wé e, àti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó wọ imú rẹ̀. Kò mọ ojú ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Mi ò tíì rí i dáadáa." Ó jọ̀wọ́ láítà náà, ó fì padà sí ibi òpó. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Uswat, ó ti sìgá náà bọ àpò àyà rẹ̀, ó sì yára kúrò níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti ilé-iṣẹ́ ní Ọgbà dé ilé ní Ìfàkọ̀, nítorí kò dá ara rẹ̀ lójú pé òun lè jókòó jẹ́ẹ́ nínú ọkọ̀. Imú rẹ̀ ti ń là. Ó ń gbọ́ òórùn búrẹ́dì gbígbóná, òórùn gọ́tà, òórùn ọ̀rá tó jó tó wà lára ara rẹ̀. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí òun bá dé gọ́tà tó wà níwájú, òun á ju sìgá náà nù. Ó kọjá gọ́tà náà, ó ní ó di èyí tó kàn. Bó ṣe ń sún un síwájú nìyẹn títí tó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

Ilẹ̀kùn iyàrá wọn wà ní títì, orin jẹ́jẹ́ ń jáde láti inú. Nígbà tó ṣí i, èéfín rọ́ lù ú lójú. Wọ́n ti pa gbogbo fèrèsé dé, wọ́n fa kọ́tìnì sílẹ̀. Láàárín iyàrá, àwo tùràrí ń rú túú. Àlàgbà Daniel àti ìyá méjì nínú ìjọ dúró yí i ká nínú sùtánà funfun, láìwọ bàtà. Ìyá Jọkẹ́ ló fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Nínú ìjọ wọn, ọmọ tó bá bọ́ lọ́wọ́ ikú kì í wọlé kí wọ́n tó ya ilé náà sí mímọ́. Wọ́n á fi tùràrí kan gbogbo kọ̀rọ̀, wọ́n á sì sé ilé náà mọ́ kí èéfín lè wọ ara ògiri, kí ohunkóhun má baà tẹ̀ lé ọmọ bọ̀ láti ọsibítù.

Ṣínà mí i sínú. Ká sọ òótọ́, ó mọ̀ọ́mọ̀ mí i sínú ni. Ó di ojú, ó fa èéfín náà wọ ikùn, ó sé e mọ́ àyà bó ṣe máa ń sé sìgá, ara rẹ̀ sì rọ̀ wọ̀ọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta. Ó tún fa èkejì. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ló gbé ikọ́ dé, ikọ́ náà ló sì mú un rántí àyà kan tí kò tíì gbó, tó ń bọ̀ lọ́nà.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká pa á. Ọmọ náà ti ń bọ̀."

Àlàgbà Daniel kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ti gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí Kóredé, kò sì sí ọ̀sẹ̀ kan tí kò lọ sí ọsibítù. Ó yíjú sí Ṣínà pẹ̀lú ìfẹ́. Lẹ́yìn náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sí àpò àyà rẹ̀, ibi tí orí sìgá ti yọ síta.

"Olúṣínà," ó ní, "tùràrí Olúwa lo ní ká pa. Kí ló wà lápò rẹ yẹn?"

Àwọn ìyá méjèèjì dá orin náà dúró. Ṣínà yọ sìgá náà, ó fi lé àtẹ́lẹwọ́ bàbá náà. Ó ní, "Sìgá ni, sà. Ọjọ́ kẹta rèé tí mi ò mu ún." Ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà mí kanlẹ̀. Ṣínà rí i pé kò sí ẹni tó gba òun gbọ́, kò sì bínú sí wọn. "Ẹ má tìtorí tèmi ṣe é, Bàbá. Nọ́ọ̀sì ní irú èéfín tó wù kó jẹ́ lè pa á lára. Àyà ọmọ yẹn ò lè mọ èyí tó jẹ́ ti Olúwa."

Ọkọ̀ kan fọn fèrè ní géètì. Ṣínà ò dúró gbọ́ èsì. Kò ta ko àgbà báyìí rí láyé rẹ̀, àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbé àwo náà pẹ̀lú ọwọ́ lásán. Ó jó o. Ó gbé e dé àgbàlá, ó da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ó padà wọlé, ó fa kọ́tìnì, ó ṣí fèrèsé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó mú ìró Jọkẹ́ kan lórí ibùsùn, ó sì ń fi í fẹ́ èéfín náà síta títí apá fi ro ó.

Nígbà tó jáde, Jọkẹ́ ti dúró ní ẹnu géètì, ọmọ wà láyà rẹ̀, kò sún síwájú. Ó rí èéfín tó ń gba fèrèsé jáde. Ó rí Àlàgbà tó tẹ̀ lé Ṣínà jáde nínú sùtánà funfun, pẹ̀lú ẹyọ sìgá lọ́wọ́. Ó gbé ọmọ fún àǹtí rẹ̀, ó wá bá ọkọ rẹ̀, ó sì bi í ní ohun tí kò bi í láti ọdún méjì.

"Ṣé ẹ mu ún?"

"Mi ò mu ún. Uswat ló fún mi, mo sì gbà á. Ó ti kan ètè mi. Àpò mi ló wà títí mo fi délé, mi ò jù ú nù. Ṣùgbọ́n mi ò mu ún."

Jọkẹ́ wo ojú rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ purọ́ ò ní sọ pé ó kan ètè òun. Ó padà sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, ó gba ọmọ, ó gbé e wá. "Ẹ gbà á," ó ní.

Ṣínà na ọwọ́ méjèèjì. Oṣù kan àbọ̀ ló ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí, kò sì sí ẹni tó máa dá a lẹ́kun nínú àgbàlá náà. Nígbà tí apá rẹ̀ gòkè ni imú rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là gbọ́ òórùn ara rẹ̀. Tùràrí wà lára ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó wà nínú irun rẹ̀, ó wà lára ọwọ́ tó jó náà. Ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó dùn ún wọ egungun.

"Èéfín ń bẹ lára mi," ó ní. "Kì í ṣe báyìí. Ẹ lọ jókòó níbi tí atẹ́gùn wà."

Jọkẹ́ àti àǹtí rẹ̀ jókòó sábẹ́ igi fúrúùtù lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì, kí ilé lè gba atẹ́gùn sí i. Ṣínà gbé bẹ́ǹṣì kan lọ sí ẹ̀yìn ọ̀hún, lẹ́bàá ògiri, níbi tí atẹ́gùn ò ti lè gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn. Àlàgbà Daniel dúró láàárín àgbàlá, ó ń wo apá méjèèjì. Ó gbé ọwọ́ sùtánà rẹ̀ sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn wá, ó jókòó ti Ṣínà. Ó fi ìka rún sìgá náà díẹ̀díẹ̀ sínú yẹ̀pẹ̀ tó wà nínú àwo tùràrí.

"Ọjọ́ kẹta, àbí?" ó bi í.

"Ọjọ́ kẹta, sà."

Bàbá náà mi orí bí ẹni tó gbà á gbọ́. Ní òdìkejì àgbàlá, Jọkẹ́ tú aṣọ tó bo orí ọmọ, ó sì yí i kí ojú rẹ̀ lè kọ sí ọ̀dọ̀ wọn. Kò sí gíláàsì láàárín. Ṣínà rí iwájú tó yọ síta díẹ̀, ó rí etí tó fẹ̀, tó jẹ́ ti bàbá tirẹ̀ gan-an. Ẹnu ni ti Jọkẹ́. Ó kì ọwọ́ méjèèjì bọ àárín orúnkún. Lọ́la, yóò gba ọ̀dọ̀ Uswat kọjá, bó bá sì tún bi í, yóò lè sọ ẹni tí ọmọ náà jọ.