Bí Abdulrasaq Ṣe Da Ilẹ̀ Àgbàlá Rẹ̀

Ní ọdún 2005, nígbà tí ilé tuntun ń yọrí lọ́tùn-ún lósì ní Ongar, nílùú òyìnbó, Abdulrasaq àti Husainat, ìyàwó rẹ̀, ra tiwọn níbẹ̀. Ilé dára, àgbàlá ni kò dára. Ẹrẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ. Husainat kò lè sá aṣọ kó má gbé ẹrẹ̀ wọ kíṣìnnì.

"Bàbá Ihsan, ẹ jẹ́ ká pe bírikìlà."

"Bírikìlà kẹ̀? Èmi tí mo ti ń po símẹ́ǹtì n'Ísẹ́yìn kí n tó hu irùngbọ̀n?"

Ká má purọ́, ọjọ́ kan péré ló ṣe iṣẹ́ bírikìlà náà n'Ísẹ́yìn, omi ló sì pọn.

Ní Sátidé, ó lọ sí ìsọ̀ ohun ìkọ́lé, ó rí àpò tí wọ́n kọ "plaster" sí. Símẹ́ǹtì ni bírikìlà fi ń ṣe písítà ògiri lọ́dọ̀ tiwa, ló bá gbé àpò mẹ́fà. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ funfun bí láfún, ìyẹn ò kọ ọ́ lóminú. Símẹ́ǹtì òyìnbó, báwo ni ò ṣe ní í funfun?

Ó fi pákó ṣe ààlà, ó da ìyẹ̀fun, yanrìn àti omi sí i, ó wọ bàtà òjò, ó ń fẹsẹ̀ gún un bí ẹni ń po amọ̀. Ibẹ̀ ni fóònù ti dún. Abdulrahman, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ń pè láti Ìsẹ́yìn.

Ta ni yóò já fóònù mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ létí? Abdulrasaq dúró gbagidi. Ó kí ìyàwó, ó kí àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kí ará ilé kejì, ó kí àgbò.

"Ẹ̀gbọ́n, símẹ́ǹtì ni mò ń dà lọ́wọ́ o. Ó tiẹ̀ ń gbóná mọ́ mi lẹ́sẹ̀."

"Gbóná? Ṣé o dáná sábẹ́ rẹ̀ ni?"

"Ti òyìnbó ló rí bẹ́ẹ̀, sà."

Nígbà tí ìkíni parí, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Kò gbé. Ó gbé tòsì. Pàbó.

"Husainat! Ilẹ̀ ti dì mí mú o!"

Husainat sáré jáde, ó rí ọkọ rẹ̀ tó dúró bí òpó iná, ẹ̀rín sì gbé e jókòó. Bàbá Brennan, aládùúgbò wọn tó fi ogójì ọdún rẹ́ ògiri kó tó fẹ̀yìn tì, yọjú lórí ọgbà.

"Èyí kì í ṣe símẹ́ǹtì. Ti ògiri inú ilé ni. Tí omi bá ti kàn án, á gbóná, á sì gan kíá. Tí òjò bá wá ń pa á lójoojúmọ́, á di ẹ̀kọ."

Áà! Píòpì tí wọ́n fi ń ṣe àjà ilé l'Ékòó!

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ jáde, sà?"

"You're grand, kò séwu. Yọ ẹsẹ̀ rẹ nínú bàtà."

Ó yọ ọ́. Ìbọ̀sẹ̀ kan kò bá a jáde.

Ní Sátidé kejì, wọ́n fọ́ píòpì náà dànù, Bàbá Brennan sì bá a da ojúlówó símẹ́ǹtì. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ tòun ti òjò, Abdulrasaq gbé kúbùsù orí bẹ́ẹ̀dì wọn jáde láti fi bo símẹ́ǹtì náà.

"Kò ní í gbẹ!"

"Gbígbẹ kọ́ ló ń mú un le," ni bàbá náà wí. "Omi ló ń mu tó fi ń le. Máa wọ́n omi sí i fún ọ̀sẹ̀ kan."

Ní ọjọ́ Túsìdé, òjò ń rọ̀ bí ẹni fi korobá dà á, Husainat bá yọjú láti kíṣìnnì. Ọkọ rẹ̀ fi ọwọ́ kan di agboòrùn mú, ó ń fi ìkejì bu omi wọ́n ilẹ̀.

"Bàbá Ihsan, òjò ń rọ̀!"

"Kí òjò máa ṣe tirẹ̀, kí n máa ṣe tèmi."

Ilẹ̀ náà le bí àpáta, àfi pé ó da gẹ̀rẹ́ díẹ̀ sí ọ̀nà kíṣìnnì, tó fi jẹ́ pé bí òjò bá ti rọ̀, omi àgbàlá a wá kí wọn nílé.