Ọ̀pá Tó Ń Gbé Fèrèsé Clem Dúró

Gbogbo ará ìlú Harlow Flats ló mọ̀ pé ahun ni Clem Thibodeau tó bá di ọ̀rọ̀ ìfọwọ́síwèé. Yóò ra kọfí fún ọ. Yóò fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé ọ dé Boston, kò sì ní gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kó fọwọ́ sí ìwé ìfò rẹ, níbi tí ò ń kọ gbogbo ìfò rẹ sí, àfi kó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ọ nígbà tí ò ń já bọ̀ látòkè. Òfin àwọn tó kọ́kọ́ ń fi páráṣúùtì ṣeré nìyẹn: ìfò tí ẹlẹ́rìí kò bá fọwọ́ sí, wọn ò fò ó rí.

Verna Stradley ni òfin yìí ká lára jù. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni, òun ló sì ń tọ́jú ohun ìrántí ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi páráṣúùtì fò náà sínú yàrá pákó kan létí pápá bàálù, níbi tí wọ́n ti máa ń ká páráṣúùtì láyé àtijọ́. Bàtà tó ti yanu wà níbẹ̀. Akoto àwọn agbábọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí wọ́n fi ń dáàbò bo orí wà níbẹ̀, àti páráṣúùtì ológun tí wọ́n dá ihò sí lára kó lè ṣeé darí, àti fọ́tò àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ikú kò mọ ojúlé wọn.

Nínú gbogbo rẹ̀, ọ̀pá kan ló kà sí jù. Kò gùn ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ó gé e lára igi ìgbálẹ̀ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ayùn tó kú, ó sì fi téèpù dúdú dì í lórí kí ibi tó fà ya má baà gún ènìyàn lọ́wọ́. Ní oṣù keje ọdún 1962, òun àti Russ, tó padà di ọkọ rẹ̀, bẹ́ sílẹ̀ látinú bàálù ní ẹsẹ̀ bàtà ẹgbàárùn-ún. Kí wọ́n tó ṣí páráṣúùtì, ó na ọ̀pá yìí sí Russ lójú òfurufú bí àwọn eléré ìje ṣe ń nà án síra wọn. Kò sí obìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wọn tó tíì ṣe irú ẹ̀ rí. Russ balẹ̀ tòun tọ̀pá lọ́wọ́, ìwé ìròyìn sì gbé fọ́tò wọn.

Clem ló wà nídìí awò ńlá tí wọ́n fi ń wo òkèèrè nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, òun ni ẹlẹ́rìí. Clem kò fọwọ́ sí i.

"Ìkùukùu bò yín," ó wí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ń wí láti ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Ojú ọ̀run inú fọ́tò yẹn sì mọ́ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Láti ìgbà tí Russ ti kú ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ilé Clem ni Verna ti ń mu kọfí láràárọ̀, lórí àga tó wà lábẹ́ fèrèsé ilé ìdáná. Ibẹ̀ náà ló jókòó sí ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀.

"Obìnrin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ń bọ̀ wá kó àwọn ohun ìrántí wa lọ́jọ́ Sátidé," ó wí. "Ó ní ohun tí kò bá ní ẹ̀rí, òun ò ní gbé e. Wọ́n sì máa wó yàrá pákó wa lóṣù tó ń bọ̀. Clem, jọ̀ọ́, mú bírò."

"Mi ò kì í fọwọ́ sí ohun tí mi ò rí."

"Ìkùukùu?"

"Ìkùukùu."

"Ìkùukùu yẹn mà ti dàgbà o. Ó yẹ kó ti máa gba owó ìfẹ̀yìntì." Verna mu kọfí, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó dáa, má fọwọ́ sí i. Mo ní ẹ̀rí tèmi. Kí n tó fi téèpù dì í, mo fi pẹ́ńsùlù kọ nǹkan sára igi yẹn. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Russ gan-an ò mọ̀. Tó bá di Sátidé, lójú obìnrin yẹn àti lójú gbogbo ẹ̀yin arúgbó, màá tú téèpù náà, ojú á sì tì ọ́."

Kọfí pá Clem lórí. Verna dìde, ó gbá a lẹ́yìn gbàgbà, ó ní ẹ̀rí ọkàn ló ń pá a lórí. Kò mọ bí òun ṣe sún mọ́ òótọ́ tó.

Ìkùukùu kankan ò sí lọ́jọ́ náà. Clem rí gbogbo rẹ̀ kedere nínú awò. Ó rí i tí Verna na ọ̀pá, tí Russ gbá a mú, tí Verna jọ̀wọ́ rẹ̀ tó sì yí padà lọ. Lẹ́yìn náà ló rí i tí ọ̀pá yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ Russ, tó ń yí gbirigbiri lọ sílẹ̀ ní tirẹ̀. Atẹ́gùn gbé Russ kọjá ẹ̀yìn abà àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Pelkey. Nígbà tí Clem fi ọkọ̀ dé ibẹ̀ láti gbé e, ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fi ayùn gé igi ìgbálẹ̀ Pelkey, téèpù dúdú sì wà ní ẹnu rẹ̀.

"O rí i?" Russ bi í.

"Mo rí i."

"Má sọ fún un, Clem. Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń kígbe ayọ̀ bọ̀ látòkè?"

Clem ti gbọ́ ọ. Gbogbo pápá ló gbọ́ ọ. "Mi ò ní sọ," ó fèsì. "Ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ sí i."

Nígbà tí Pelkey túlẹ̀ oko rẹ̀ ní ọdún kejì, ó rí ojúlówó ọ̀pá náà, ó sì fún Clem. Clem gbé e lọ bá Russ. Russ ní ìwé ìròyìn ti gbé e, ìyá òun ti fi férémù gbé e kọ́ sára ògiri, kó jọ̀ọ́ bá òun gbé nǹkan yìí pa mọ́. Okùn fèrèsé ilé ìdáná Clem sì ti já nígbà yẹn. Tí wọ́n bá gbé fèrèsé sókè, á tún ré lulẹ̀ gbàà. Ni Clem bá fi ọ̀pá gbé e dúró. Ibẹ̀ ló wà títí dòní, lókè orí Verna, láràárọ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á lé e bá. Èyí ti lo márùndínlọ́gọ́ta, ó sì ku ọjọ́ méjì. Bí Verna bá tú téèpù, tí kò bá nǹkan kan níbẹ̀, gbangba ni Russ á ti di òpùrọ́ nínú ibojì rẹ̀. Ṣùgbọ́n ká sọ tòótọ́, kì í ṣe ti Russ nìkan ló ń ba Clem lẹ́rù. Àga abẹ́ fèrèsé yẹn ni. Ó mọ obìnrin náà. Bó bá gbọ́ pé ọkọ òun àti ọ̀rẹ́ òun para pọ̀ tan òun jẹ láti ìgbà èwe, àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò ní sẹ́ni tó máa jókòó síbẹ̀.

Nítorí náà, bàbá ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin pinnu láti di olè: yóò fi ojúlówó rọ́pò ayédèrú kó tó di Sátidé.

Ó yọ ọ̀pá kúrò lábẹ́ fèrèsé. Ó fi ọṣẹ àti kànrìnkàn fọ ìdọ̀tí ara rẹ̀, ó fi òróró pa igi, ó sì fi pólíìṣì bàtà pa téèpù títí ó fi dà bí ìkejì rẹ̀. Ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí Verna máa ń lọ ṣe irun, ó ki ọ̀pá bọ ẹsẹ̀ ṣòkòtò rẹ̀, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí yàrá pákó. Kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ agolo ọ̀dà níbi tó ti máa ń wà. Ó ṣí àpótí onígíláàsì, ó yọ ọ̀pá inú rẹ̀, ó tẹ́ méjèèjì sórí tábìlì gbọọrọ tí wọ́n ti ń ká páráṣúùtì, kó lè fi wọ́n wéra.

"Clem Thibodeau."

Clem ta gìrì. Ọwọ́ rẹ̀ gbá àwọn ọ̀pá náà, méjèèjì yí lórí tábìlì, wọ́n gbá ara wọn, wọ́n tún yí padà. Verna dúró lẹ́nu ọ̀nà, irun rẹ̀ rí wúruwùru. Ẹni tó ń ṣe irun fún un ló ń ṣàìsàn.

"Ṣé kí ohun ìrántí mi má baà dé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lo ṣe wá jí i? Ìwọ olójú kòkòrò yìí! Àti pé kí ló dé tí ọ̀pá fi pé méjì?"

Clem wo ọ̀pá tọ̀tún, ó wo tòsì. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dára débi pé òun fúnra rẹ̀ kò mọ èwo ni èwo mọ́. Ni ó bá jókòó, ó sì sọ ọ́ látòkè délẹ̀: awò, abà, ayùn, oko Pelkey, fèrèsé.

Verna mú ọ̀bẹ ìgéokùn, ó tú téèpù ọ̀pá àkọ́kọ́. Igi lásán. Ó tú ti èkejì, pólíìṣì bàtà sì sọ ọwọ́ rẹ̀ di dúdú. Lábẹ́ rẹ̀, pẹ́ńsùlù ti ṣá, ṣùgbọ́n ó ṣeé kà: *Russ, má jẹ́ kó bọ́ o.*

Ó fi ìka tọ àwọn ọ̀rọ̀ náà lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Mo ti ń mu kọfí lábẹ́ rẹ̀," ó wí. "Lójoojúmọ́."

"Verna..."

"Máa lọ sílé, Clem."

Ní àárọ̀ Sátidé, Clem se kọfí ènìyàn méjì bó ṣe máa ń ṣe. Ó fi bàtà kan gbé fèrèsé dúró. Kò sẹ́ni tó wá. Ó da kọfí kejì nù, ó sì dùn ún ju bó ṣe rò lọ.

Àwọn arúgbó ẹgbẹ́ tí kò ju mẹ́jọ lọ ti pé sí yàrá pákó nígbà tó dé. Obìnrin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, Judith Okerlund, wọ ìbọ̀wọ́ funfun, ó ń gbé nǹkan bí ẹni gbé ọmọ jòjòló. Verna dúró nídìí tábìlì, ọ̀pá méjèèjì wà níwájú rẹ̀ tòun ti ìwé ìfò rẹ̀. Kò wo ọ̀dọ̀ Clem.

"Ẹ gbọ́," ó wí. "Láti ọjọ́ yìí wá ni mo ti ń pariwo ọ̀pá létí gbogbo yín. Ó bọ́ o. Ọkọ mi jẹ́ kó bọ́. Ó sì sá wọ inú abà Pelkey lọ gé ìgbálẹ̀ onígbálẹ̀, nítorí kò fẹ́ kí ẹkún gba ojú mi lọ́jọ́ náà."

Ọ̀kan nínú àwọn arúgbó ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó ní abájọ tí Pelkey fi ń bi gbogbo ayé léèrè ìgbálẹ̀ rẹ̀ títí tó fi kú. Ni gbogbo ilé bá bú sẹ́rìn-ín. Verna náà rẹ́rìn-ín, omi sì ń dà lójú rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran: ó ṣí ìwé sí ìfò kọkànléláàádọ́rin, ó fa ìlà pa ohun tó kọ ní 1962, ó sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé *Ọ̀pá bọ́.* Ó wá na bírò.

"Ẹlẹ́rìí dà? Ṣé ìkùukùu ṣì wà lójú ẹ?"

"Ó ti lọ," Clem wí. Ó fọwọ́ sí i, ó kọ nọ́ńbà ìwé àṣẹ rẹ̀ sí i.

Obìnrin ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tún ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ṣe. "Ẹ má bínú, mà. Ṣé pé ẹ ò wá na ọ̀pá síra yín lójú òfurufú rí nìyẹn?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Nígbà tí mò ń jẹun láàárọ̀ yìí, mo yẹ ìwé yìí wò láti ìbẹ̀rẹ̀." Verna ṣí i sí ìfò kẹrìnlélọ́gọ́rin, oṣù kẹjọ ọdún kan náà. Ìlà ibẹ̀ kúrú, bí ohun tí ẹni tó ti ṣe é tẹ́lẹ̀ ń kọ: *A tún na ọ̀pá síra wa.* Ìbuwọ́lùwé Clem wà níwájú rẹ̀, ìràwọ̀ kékeré kan sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ìràwọ̀ yìí, mo rò pé ó kàn ń fi bírò ṣeré ni. Ẹlẹ́rìí mi kì í purọ́, ẹ̀yin ènìyàn. Ó kàn máa ń dákẹ́ ni."

"Àkọ́kọ́ tí kò bọ́ nìyẹn," Clem wí. "Ó dùn mí pé n ò lè kí ẹ kú oríire lọ́jọ́ yẹn."

"Ọ̀pá wo wá ni ẹ lò lọ́jọ́ yẹn?" Judith Okerlund bèèrè.

Verna àti Clem wo ara wọn. Ojúlówó ṣì wà nínú ilẹ̀ oko nígbà yẹn.

"Ìgbálẹ̀ Pelkey," wọ́n jọ wí pa pọ̀.

Bí igi ìgbálẹ̀ abà ṣe di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nìyẹn, tí wọ́n fi aṣọ funfun wé e gbé lọ tòun ti ìwé, ẹ̀rí sì pé.

Ní àárọ̀ Sọ́ńdè, Clem ṣì ń rò ó bóyá kóun se ti ẹnì kan tàbí ti ènìyàn méjì, ni Verna bá fi ẹsẹ̀ ti ilẹ̀kùn, páálí bíà kan wà ní àyà rẹ̀. Òfin àwọn ènìyàn wọn ni pé ẹni tó bá sọ nǹkan nù lókè á ra bíà fún gbogbo ẹgbẹ́.

"Ti Russ ni," ó wí. "Ó pẹ́ díẹ̀. Èmi ṣì ń bínú sí ẹ o, má rò pé mi ò bínú. Màá bínú dé oṣù kẹwàá."

"Ṣé ibí lo ti máa bínú?"

"Ibo tún ni? Ta ló tún ń se kọfí burúkú báyìí ní ìlú yìí?"

Ó wo bàtà tó wà lábẹ́ fèrèsé, ó kọ hà. Ó yọ ọ́, ó fà á lé Clem lọ́wọ́, ó wá yọ ojúlówó ọ̀pá láti inú àpò rẹ̀. Kò fi téèpù dì í mọ́. Ó gbé e síbi tó ti wà láti ọjọ́ yìí wá, ó yí ibi tí pẹ́ńsùlù wà sí ọ̀dọ̀ àga rẹ̀ kó lè máa rí i kà, ó sì jókòó sábẹ́ rẹ̀.

*Russ, má jẹ́ kó bọ́ o.*

Fèrèsé náà kò sì bọ́.