Ilé Tí Kò Sí Láàárín Yàrà

Lẹ́yìn subdivision, àdúgbò tí ìdílé Ṣìkẹ́mi ń gbé ní Loganville nílùú òyìnbó, igbó kan wà, yàrà onígun mẹ́rin kan sì wà nínú igbó náà. Wọ́n ní nígbà òwò ẹrú, ọlọ́rọ̀ kan kọ́ irú ilé tí àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì ń gbé láyé àtijọ́ sáàárín rẹ̀, ó sì ní kí àwọn ẹrú gbẹ́ yàrà yí i ká. Ilé ti pòórá. Bíríkì kan kò ṣẹ́kù. Yàrà ló kù, omi dúdú nísàlẹ̀ rẹ̀, àti ibì kan tí wọ́n fi sílẹ̀ láìgbẹ́, níbi tí ẹnu ọ̀nà wà.

Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà máa ń nasẹ̀ lọ lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bó ti dé ẹnu ọ̀nà yẹn, kò lè kọjá lásán. Ó ní, "Àgò onílé o!"

Ṣìkẹ́mi, ọmọ ọmọ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. "Grandma, ta lẹ ń kí? Ṣé àwọn ọ̀kẹ́rẹ́ ni?"

"Àgò yà," ohùn obìnrin kan dáhùn láàárín igi.

Ṣìkẹ́mi gbọ́ ọ, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ níwèé. Ojú àlejò máa ń tì í, ó mọ̀ ọ́n tẹ́tí sí àgbà ju kó dá sí ọ̀rọ̀ lọ.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Àgbà ti ń bu oúnjẹ sí abọ́ méjì, tí kò sì jẹ nínú èyíkéyìí, bí ẹni tó ń dúró kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ jẹ. Tó bá fẹ́ wọ yàrá ara rẹ̀, á dúró bí àlejò, á kan ilẹ̀kùn. Mọ́mì Ṣìkẹ́mi ní ọjọ́ ogbó ni, ó gbé báàgì, ó lọ sí shift níbi iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣìkẹ́mi rí i pé Ìyá Àgbà ń rù lójoojúmọ́. Bó bá ń lọ báyìí, kò ní í rí Kérésìmesì.

"Grandma, ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà ní yàrá yín?"

"Ta tún ni? Ẹni tó sìn mí wálé ni."

"Ẹ ò ní kí wọ́n padà?"

"Ó yẹ kí n sọ ọ́, mo mọ̀. Mo tilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wo iná ilé wa... Ìwọ ọmọ yìí, kò ṣeé sọ."

"Ẹ máa kú báyìí o."

"Kí n wá lé e bí ajá?"

Ṣìkẹ́mi wọ yàrá náà, ó kúnlẹ̀ níwájú àga tó ṣófo. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ sìn wọ́n wá, Mà. Ó tó. Ẹ jẹ́ kí èmi náà sìn yín padà."

Atẹ́gùn kan kọjá létí rẹ̀. Ṣìkẹ́mi ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jáde sínú oòrùn. Ewé gbígbẹ ń fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé ìkejì, níbi tí kò ti sí ẹlẹ́sẹ̀. Kò bojú wo ẹ̀gbẹ́ títí wọ́n fi dé yàrà.

"Ẹ wọlé, Mà," ó ní. "Ó dàbọ̀."

"Ilé wo?" ohùn náà bi í. "Yàrà ni mo gbẹ́. Wọn ò jẹ́ kí n sùn nínú ilé yẹn rí."

Lọ́ọ̀ọ́kán, Ìyá Àgbà ń pariwo láti ẹ̀yìnkùlé: "Ṣìkẹ́mi! Ebi mà ń pa mí o! Níbo lo wà?"

Ó fẹ́ sáré lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ti di tirẹ̀ mú, jẹ́jẹ́, bí ọwọ́ ẹni tí kò mọ ọ̀nà. Bíi ti Ìyá Àgbà, Ṣìkẹ́mi náà kò lè lé e, kò já ọwọ́ rẹ̀ gbà.