Igi Àgbọn Tí Tikyo Kò Gùn Rí

Gbogbo abúlé Kalubihan ló fẹnu kò pé orí igi àgbọn ni Tikyo ti já bọ́. Ohun tí wọ́n sọ fún àlùfáà nìyẹn, òun náà ni wọ́n sọ fún ọlọ́pàá, òun ló sì wà nínú ìwé ikú rẹ̀. Ó ti pé ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n báyìí. Àwọn mẹ́rin tó gbé pósí rẹ̀ mọ̀ pé igi àgbọn kì í gé ọwọ́ ọ̀tún èèyàn láti ìgúnpá, àmọ́ ọlọ́pàá ò ní kí wọ́n ṣí pósí, àwọn náà ò sì dá a lábàá.

Islaw, àbúrò rẹ̀, wà nínú ọkọ̀ ojú omi lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ kẹsàn-án tí ìjì ṣí òrùlé wọn, ọjọ́ kẹfà tó jẹ́ pé àgbàdo sísè àti iyọ̀ nìkan ni wọ́n ń jẹ. Oyún oṣù keje wà nínú Pinang, ìyàwó Tikyo. Ọmọ rẹ̀ àgbà ń fi bàtà ẹsẹ̀ kan lọ sílé ìwé, torí ìjì ti gbé èkejì lọ. Nígbà tí wọ́n dé orí òkìtì iyùn abẹ́ òkun, tẹ̀gbọ́n tàbúrò mu ọtí ìrèké tó kù nínú ìgò kékeré kan, Tikyo sì ju ìgò òfìfo náà sómi. Ìgò kejì, èyí tí wọ́n rọ ẹ̀tù sí láti fi pa ẹja, ni kò tètè kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Okùn iná rẹ̀ ti kúrú jù, ó bú gbàù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdí ọkọ̀ ni Islaw wà, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń gbọ́n omi. Bíbẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn ló yọ ọ́.

Lónìí, Islaw ti di afọ̀nàhàn fáwọn amòòkùn nílé iṣẹ́ Madam Glenda. Òun ló ń de àgbá afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn àlejò lẹ́yìn, òun ló ń tutọ́ sínú awò ojú wọn kó má bàa ṣú lábẹ́ omi. Ibi tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Àwo, kòtò roboto kan láàárín òkìtì iyùn, tí iyùn tuntun ti hù yí etí rẹ̀ ká. Madam máa ń sọ fún wọn pé ẹgbẹ̀rún ọdún ni òkun fi gbẹ́ ẹ. Islaw mọ ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ẹ. Ó tún mọ àwọn tó gbẹ́ ẹ, ìgò kan tẹ̀ lé òmíràn.

Ìgò ọtí ìrèké kan ṣì wà nínú iyanrìn ìsàlẹ̀ Àwo. Ẹja kékeré aláwọ̀ ìyeyè kan, tí kò tó ìka ọmọ ọwọ́, ló ń gbé inú rẹ̀. Á yọjú lẹ́nu ìgò bí onílé tó gbọ́ pé wọ́n ń kanlẹ̀kùn. Àwọn àlejò á tò síwájú rẹ̀, wọ́n á máa ya fọ́tò.

"Ẹni ibi wo ló jugò sínú òkun báyìí?" Madam máa ń sọ bẹ́ẹ̀. "Àmọ́ ẹ fi sílẹ̀ o, ẹja ti fi ṣelé."

Islaw á kọjú sí àgbá afẹ́fẹ́ tó ń dè.

Lóṣù tó kọjá, Madam ní àwọn máa gbé òkúta alórúkọ kan sísàlẹ̀ Àwo lọ́jọ́ ọdún abúlé, ìjọba ìbílẹ̀ á sì kọ orúkọ náà sínú àwòrán ilẹ̀. Àwo Màláíkà lòun fẹ́ kó máa jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà gún Islaw bí ẹni tó tẹ òòrẹ̀ òkun mọ́lẹ̀. Sàárè tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe odindi Tikyo ló wà níbẹ̀. Èyí tó kù wà nínú Àwo. Ó fẹ́ kí orúkọ ẹ̀gbọ́n òun wà níbẹ̀, kí màláíkà tí kò jẹ àgbàdo oníyọ̀ rí ní Kalubihan má lọ gba ibùjókòó mọ́ ọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n káàdì afọ̀nàhàn wà lọ́rùn rẹ̀. Kí wọ́n tó fún un, ó ti fọwọ́ síwèé pé òun ò bá wọn ju ìgò rí. Bó bá sọ òtítọ́, káàdì lọ, iṣẹ́ sì lọ.

"Madam, ẹ jẹ́ ká pè é ní Àwo Tikyo."

"Ta ló ń jẹ́ Tikyo, Nong?" Bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní Kalubihan nìyẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Èyí tí wọ́n ní ó já bọ́ lórí àgbọn? Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àmọ́ kí ló wá da àgbọn pọ̀ mọ́ òkun?"

Islaw lanu. Òtítọ́ rìn dé orí ahọ́n rẹ̀, ó rí káàdì tó rọ̀ lọ́rùn rẹ̀, ó pẹ̀yìn dà. Ohun tó jáde dípò rẹ̀ ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

"Òkun ló ń ṣọ́, Madam. Orí àgbọn ló máa ń wà tá á máa wo àwọn tó ń ju ìgò. Tó bá ti rí wọn, á fọn ìkarawun kí gbogbo abúlé lè gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ó na ọrùn jù."

Madam yọ awò ojú rẹ̀, ó nu ojú. "Nong! Ọdún méje la ti jọ ń ṣiṣẹ́, ẹ ò sọ ọ́ rí!"

"Kì í ṣe nǹkan téèyàn fi ń yangàn," Islaw dáhùn. Ìyẹn nìkan ni kì í ṣe irọ́ nínú gbogbo ohun tó sọ.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ní Kalubihan, òtítọ́ bá irọ́ lóòótọ́, ó sì bá a gbé ẹrù rẹ̀.

Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí Kapitan Procopio, olórí abúlé, fi wá bá Islaw. Láyé ìgò, ọwọ́ Kapitan ni gbogbo ẹja ń gbà kọjá lọ sọ́jà ìlú ńlá. Òun náà ló kọ́kọ́ dárúkọ igi àgbọn níjọ́ tí wọ́n gbé Tikyo dé etíkun.

"Islaw, igi wo ni?"

"Igi wo kẹ̀, Kapitan?"

"Igi tó ti já bọ́! Àwọn àlejò fẹ́ bá a ya fọ́tò. Mo fẹ́ fi ọ̀dà funfun kun ìdí ẹ̀."

"Ṣebí ẹ̀yin lẹ mú un nígbà yẹn."

"Igi àgbọn ni mo sọ. Mi ò sọ pé igi àgbọn báyìí-báyìí. Má fi ọ̀rọ̀ sí mi lẹ́nu."

Wọ́n mú èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé Pinang, torí ó tẹ̀ síhà òkun, fọ́tò rẹ̀ á dùn ún wò. Ẹja ni Pinang ń sá lọ́wọ́ nígbà tí oníọ̀dà dé. Ó dìde tòun tọ̀bẹ.

"Islaw! Wá síbí. Ta ló ní kí wọ́n kun igi mi?"

"Nang, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra sọ ọ́," Islaw bẹ̀ ẹ́; Nang ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin.

"Kí n rọra kẹ̀? Ọkọ mi tí àkàbà ń dẹ́rù bà! Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé, ta ló gùn ún? Èmi ni, tòun toyún! Òun dúró nísàlẹ̀ tó ń bá mi di àkàbà mú, ó ń gbọ̀n ju àkàbà lọ. Ẹ kọ́kọ́ pa á lórí igi, mo dákẹ́ torí àwọn ọmọ. Ó wá ku kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ọlọ́pàá ẹja?"

"Orúkọ ẹ̀ ni mo fẹ́ kó wà níbi tó kú sí, Nang. Ìyẹn nìkan ni."

"Orúkọ ẹ̀ lẹ máa kọ, ẹlòmíì lẹ máa sin síbẹ̀."

Pinang wo káàdì ọrùn Islaw.

"Tó o bá sọ òótọ́, wọ́n á gba nǹkan yẹn?"

"Wọ́n á gbà á."

"Ọmọ mélòó lò ń rán lọ sílé ìwé?"

"Mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ-ọmọ yín ni."

Pinang tutọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó yíjú sí oníọ̀dà. "Kí lò ń wò? Kùn ún dáadáa. Òkè ibẹ̀ yẹn ò tíì funfun tó."

Lọ́jọ́ ọdún, wọ́n sun ẹlẹ́dẹ̀, àlùfáà wọ́n omi mímọ́ sórí òkúta. Ohun tí wọ́n fín sí i ni: ÀWO TIKYO. Ó ṢUBÚ NÍBI TÓ TI Ń ṢỌ́ WA. Kapitan bú àwọn ọ̀dájú tó ń ju ìgò láyé àtijọ́, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n. Amòòkùn jalè, ó ní, bí ọba ayé ò rí ọ, ọba òkè ń wò ọ́. Ó tọ́ka sókè igi àgbọn. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́.

Ìgbà náà ni Madam ké sí opó olóògbé pé kó wá sọ̀rọ̀, láìsọ fún ẹnikẹ́ni ṣáájú. Kapitan bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Pinang rọra dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe.

"Kò sẹ́ni tó fẹ́ràn ẹja ibí yìí tó ọkọ mi," ó ní. "Àràárọ̀ ló máa ń lọ bẹ̀ wọ́n wò. Tó bá sì ti débẹ̀, gbogbo wọn ló máa ń jáde sójú omi wá pàdé ẹ̀, tọmọ tìyá. Ọ̀kan kì í kù sísàlẹ̀. Látìgbà tó ti lọ, mi ò rí ẹni tí ẹja ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún mọ́."

Madam bú sẹ́kún. Àwọn àlejò dìde dúró, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Àwọn arúgbó abúlé tẹjú mọ́ iyanrìn bí ẹni pé owó já bọ́ lára wọn.

Islaw wọ ẹ̀wù ìmòòkùn rẹ̀, wọ́n gbé òkúta lé e lọ́wọ́. Pinang bá a dé ibi tí omi ti kan orúnkún.

"Tó o bá dé ìsàlẹ̀," ó sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, "bá mi sọ fún un pé wọ́n tún ti gbé e padà sórí igi. Sọ fún un kó fọwọ́ tó kù dì í mú."

Omi mọ́ gaara nínú Àwo. Islaw gbé òkúta náà jókòó sínú iyanrìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò. Ẹja aláwọ̀ ìyeyè yọjú, ó wò ó, ó padà sínú ilé. Ẹnu Islaw kún fún rọ́bà tó fi ń mí, síbẹ̀ ó jíṣẹ́ náà: "Ẹ̀gbọ́n, Nang ní kí n sọ fún yín..." Gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ìfóófòó, ó ń gòkè lọ. Àwọn àlejò tó léfòó lókè rí i, wọ́n rò pé àdúrà ló ń gbà, àwọn náà sì pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀ lójú omi. Ẹnì kan nínú wọn tètè yà á ní fọ́tò kó tó tán.