E ma lo

Dáàmù ni àwọn tó kọ́ ògiri tó sé odò wa ń pè é. Àwa tí à ń gbé nísàlẹ̀ odò ń pè é ní Dààmú, orúkọ sì ń ro ọmọ.

Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn irin rẹ̀, odò á fà, ẹja á há sínú àwọn kòtò omi tó wà láàárín àpáta. Ibẹ̀ ni ọkọ mi ti ń fi àwọ̀n kó wọn. Bí wọ́n bá sì ṣí i, omi á dé kí èèyàn tó sín tán. Fèrè kan máa ń ké tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó ṣí i, àmọ́ ó bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó tún un ṣe.

Àbúrò ọkọ mi ló wá di fèrè wa. Ó wà lára àwọn tó ń ṣí ilẹ̀kùn náà. Ọ̀gá rẹ̀ kì í fẹ́ kí wọ́n fóònù lẹ́nu iṣẹ́, nítorí náà àtẹ̀jíṣẹ́ ló máa ń yọ́ fi ránṣẹ́. Akọ̀wé ni mo sọ ọ́, torí pé kò mọ̀wé kọ. Kò sí àmì, kò sí ìdánudúró; wàá ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó sọ. A máa ń fi ṣe ẹ̀rín rín.

Lọ́dún yìí òjò rọ̀ títí, odò ò fà. Àwọ̀n ọkọ mi gbẹ lára ògiri. Ẹja tó kù lórí ààrò mi ò tó jẹ, ká má tíì wá sọ ti títà. Láàárọ̀ ọjọ́ tí odò wá fà, ọkọ mi tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀ pé ṣé kí òun lọ. Mi ò tíì gbálẹ̀ tán tí èsì fi dé: E ma lo.

"Ṣé má lọ ni àbí máa lọ?" mo bi í.

"Máa lọ ni." Ó ti ń ká àwọ̀n.

"Ta ló sọ fún yín?"

"Bó bá jẹ́ má lọ ni, ṣé kò ní sọ ìdí ni? Jọ̀ọ́, má dá mi dúró lẹ́nu ọ̀nà."

Mo ní kó pè é. Ó pè é, kò wọlé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Akọ̀wé rẹ ni ò mọ̀wé, kì í ṣe èmi." Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ó lọ.

Mo gbé agbọ̀n tẹ̀lé e, torí ọkàn mi ò balẹ̀. Orí òkè etí odò ni mo dúró sí. Òun wà nísàlẹ̀ láàárín àpáta, omi ò ju orúnkún rẹ̀ lọ, ẹja sì ń ta pàù nínú àwọ̀n. Ó gbé ńlá kan sókè hàn mí.

"Ṣó o rí i? Wá sọ pé kí n má lọ!"

Bàtà rẹ̀ tó bọ́ sórí àpáta ni mo kọ́kọ́ rí tó gbéra. Mo pariwo. Ó wo òkè odò, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di àwọ̀n mú. Kò jù ú sílẹ̀. Inú ṣì ń bí mi sí i lórí ìyẹn títí dòní. Omi pupa náà dé, ó gbé òun, àwọ̀n àti ẹja lọ.

Níbi tí odò ti ṣẹ́rí ni wọ́n ti rí i, àwọ̀n wé mọ́ ọn lọ́rùn. Ọ̀bẹ tí mo fi ń la ẹja ni wọ́n fi gé e kúrò.

Akọ̀wé sáré dé pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. "Mo kọ ọ́ sí wọn!" ló ń ké. "Mo ní kí wọ́n má lọ!"

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, "ẹ" ni mo fi ń bá a sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo jù ú lọ. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ pè é ní ìwọ. "Ìwọ lo pa á," mo wí. Mo mọ̀ pé àwọn tí kò tún fèrè ṣe ló jẹ̀bi jù. Ṣùgbọ́n mi ò mọ ojú tiwọn. Ojú tiẹ̀ ni mo mọ̀.

Lẹ́yìn tí a sin ín, mo di ẹrù mi láti padà sọ́dọ̀ ìyá mi. Akọ̀wé wá dúró sẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa, ẹ má lọ."

Ó là á mọ́lẹ̀, ó gé "má" náà kúrú, ó sì tún un sọ kó má baà sí àṣìgbọ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ."

Mo wo ẹnu rẹ̀ títí.

"Ibo lo gbé ẹnu yìí sí lọ́jọ́ yẹn?"

Mo gbé ẹrù mi rù, mo gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde.