Páálí Bisikíìtì Matsushima

Wọ́n rán Hisae lọ sí àpérò ní Sendai, kó lè bá ọ̀gá rẹ̀, Kuwabara, tí ẹ̀yìn ń dùn, gbọ́ ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé máa sọ nípa iṣẹ́ tí bàbá náà fi ogún ọdún ṣe. Àmọ́ oòrùn ọ̀sán tàn án. Ó yọ́ jáde, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Matsushima, ó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, ó ń wo erékùṣù kiri bí ẹni tí wọn ò rán níṣẹ́.

Ní ilẹ̀ wọn, arìnrìn-àjò kì í padà wọ ọ́fíìsì lọ́wọ́ òfo. Ó ra páálí bisikíìtì kan níbẹ̀, ó sì pín in kárí ọ́fíìsì láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Hisae, o mà ṣeun o!" ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wí.

Kuwabara yí páálí náà wò, ó ka orúkọ ìlú tó wà lára rẹ̀. "Matsushima! Àbí ibẹ̀ ni àpérò wa sá lọ ni?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Hisae tẹrí ba.

"Ọ̀gá, ẹ forí jì mí. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nípa iṣẹ́ yín."

Ìbá sàn kí bàbá náà bú u. "Bisikíìtì yìí dùn," ni bàbá náà wí, ó sì rọra pa ìwé tó ti ṣí sílẹ̀ láti kùtùkùtù láti fi kọ ìròyìn Hisae dé.