Gìtá Tí Oyèkúnlé Ná Lórí Fóònù

Oyèkúnlé ti rìn jìnnà nínú fóònù rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn gìtá. Ọjà inú fóònù náà gùn bí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn, òòrùn ọ̀sán ń ràn nínú rẹ̀, fọ́tò ọjà kọ̀ọ̀kan sì jókòó sórí àpótí tirẹ̀, ó ń wo ojú oníbàárà. Ohun kan ṣoṣo ni Oyèkúnlé ń wá: gìtá oníná àtijọ́, irú èyí tí wọ́n ṣe kí wọ́n tó bí i. Gìtá onígìtá ló ti ń yá ta lóde ìgbéyàwó láti ọdún mẹ́wàá, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú u pátápátá.

Ó rí i. Àárín rẹ̀ pọ́n, etí rẹ̀ dúdú bí àkàrà tí wọ́n gbàgbé sínú epo. Orí bẹ́ẹ̀dì ẹnìkan ni wọ́n tẹ́ ẹ sí ya fọ́tò, bí àwọn tó ń tajà lórí fóònù ṣe máa ń ṣe, ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì hàn létí fọ́tò náà, tó di ọrùn gìtá mú. Kò sí apá, kò sí ojú. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ènìyàn mọ́kànlélógún ló ń wò ó lọ́wọ́. Oyèkúnlé bojú wẹ̀yìn. Wọ́n pé mọ́kànlélógún lóòótọ́. Wọ́n dúró sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń mí.

Níbi tó yẹ kí iye ọjà wà, “ohùn rẹ” ni wọ́n kọ síbẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná, Yorùbá wo ló máa rí iye ọjà tí kò ní ná an? Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé kò sí ẹ̀dínwó, Oyèkúnlé ṣe bí ẹni tí kò rí i. Ó pòṣé, ó fi ẹ̀rín díẹ̀ sí i.

“Ohùn kẹ̀? Nítorí gìtá àlòkù? Ẹ gba èékánná mi kan.”

“Ẹ fi kún un,” ni ọwọ́ náà wí. Kò ní ẹnu, ṣùgbọ́n òun ló sọ̀rọ̀.

“Ó dáa, ẹ gba àpá tó wà ní orúnkún mi.”

“Ẹ tún fi díẹ̀ kún un.”

Ẹnu Oyèkúnlé ti yá. Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ló sọ.

“Ẹ gba Àdìgún tí ìyá mi ń pè mí. Mi ò ní fi kún un mọ́ o.”

“Mo gbà. Ẹ máa mú un lọ.”

Kíá báyìí! Ẹni tó bá ti nájà rí mọ bó ṣe ń rí lára nígbà tí ọlọ́jà bá gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn á ti mọ̀ pé òun ti ná an kọjá. Àwọn mọ́kànlélógún mí kanlẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í túká lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ìgbà tí wọ́n bá sin òkú tán.

Orúkọ yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré nílé wọn. Láti bí ọdún méjì ni nǹkan ti ń yọ́ lọ lọ́kàn ìyá rẹ̀. Ó gbàgbé ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbàgbé pé òun ti fiyọ̀ sọ́bẹ̀, ó tún fi òmíràn sí i. Ó gbàgbé ọkọ rẹ̀ tó kú. Àdìgún nìkan ló kù. Bó bá ti gbúròó ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, á ní, “Àdìgún, ìwọ nìyẹn?” Kò sì sí ẹlòmíràn láyé tó ń pe Oyèkúnlé bẹ́ẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, mo kàn ń ná an lásán ni,” ó ní.

“Ẹ ti ná an, mo sì ti gbà fún yín. Ṣé ọmọdé ni yín ni?”

Oyèkúnlé sáré.

Ẹsẹ̀ kan ló gbé, ó bá ara rẹ̀ ní pálọ̀ wọn ní Ìkìrun. Pálọ̀ náà ti gùn sí i. Ìyá rẹ̀ jókòó ní ìpẹ̀kun, ó ń ṣa ẹ̀wà sínú àwo, ó sì ń sọ “Àdìgún, Àdìgún,” láìgbé ojú sókè. Oyèkúnlé mọ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, pé níwọ̀n ìgbà tí gìtá náà kò bá tíì wọlé, òun ló ṣì ni orúkọ náà. Ó lọ ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ti di aṣọ. Ó gbé àga dí i. Àga náà ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ ọ̀ràn,” ó sì kúrò níbẹ̀.

Ọ̀kadà kan dúró níta. Bàbá rẹ̀ ló wọlé, ó dé akoto, ó gbé àpótí gìtá kọ́ ẹ̀yìn. Ọdún mọ́kànlá nìyí tó ti kú. Nígbà ayé rẹ̀, kò gun ọ̀kadà rí, ẹ̀rù rẹ̀ máa ń bà á.

“Bàámi, ẹ dá a padà.”

“Iṣẹ́ ni wọ́n rán mi. Ìwọ lo ná an.”

“Ìyàwó yín mà ni! Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn!”

Bàbá náà wo obìnrin tó ń ṣa ẹ̀wà fún ìgbà díẹ̀.

“Kò mọ̀ mí mọ́,” ó ní. “Ẹni tí wọ́n bá ti gbàgbé nílé, ẹrù ni wọ́n ń fún un rù lọ́hùn-ún.” Ó na ìwé kan síwájú. “Buwọ́ lù ú.”

Oyèkúnlé ki ọwọ́ méjèèjì bọ abíyá. Nígbà tó máa wo ìwé náà, ìbuwọ́lù rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó ṣì tutù. Bàbá rẹ̀ ṣí akoto kí ìyàwó rẹ̀ kí ó tó jáde. “Ẹ kú iṣẹ́ o, sà,” ni ìyẹn dá a lóhùn, bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wá wo míta iná.

Ká má parọ́, nígbà tí àpótí náà ṣí, inú Oyèkúnlé dùn. Ojú tì í, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ dùn. Gìtá náà lẹ́wà ju fọ́tò rẹ̀ lọ. Ibi tí ìka àwọn tó ti ta á rí ti jẹ igi ọrùn rẹ̀ bá ìka tirẹ̀ mu rẹ́gí. Ó ní òun kò ní ta á. Ó ta okùn kan, èyí tó tínrín jù. Kò tíì so ó mọ́ iná rárá, síbẹ̀ ó dún, ó sì dún bí ọ̀fun ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

“Àdìgún!” ni ìyá rẹ̀ pè.

Oyèkúnlé la ẹnu.

“Màámi, mo ń bọ̀,” ni gìtá náà dáhùn.

Ẹ wo ìdùnnú! Ìyá náà gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀, ó na apá méjèèjì, gìtá sì kúrò lọ́wọ́ Oyèkúnlé, ó lọ jókòó sórí itan rẹ̀. Oyèkúnlé ń pariwo pé òun ni Àdìgún, òun rèé, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pe orúkọ náà, ó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ bí orúkọ ará àdúgbò kan tí kò mọ̀ dáadáa.

Ó ta jí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni. Orí àga pálọ̀ ló sùn sí, fóònù wà láyà rẹ̀, òógùn bò ó. Pálọ̀ ti padà sí bó ṣe máa ń rí. Kò sí gìtá níbì kankan. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá rẹ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ó rọra tẹ orúnkún díẹ̀.

“Ẹ pẹ̀lẹ́ o, sà. Ẹ má bínú pé mo jí yín.”

“Màámi, èmi ni. Àdìgún yín ni.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ó mi orí.

“Rárá o. Àdìgún ti dá mi lóhùn nínú yàrá. Ilẹ̀kùn ni mi ò lè ṣí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i.”